Sẹ́mì, takisí àti ọkọ̀ ojú omi Bẹ̀nẹ̀: àyẹ̀wò fún ẹni tó fẹ́ fi báàgì kan ṣoṣo rìn ín

Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, tó fẹ́ gbé báàgì kan kọ́ ẹ̀yìn kó lọ wo ìlú onílùú fún ọ̀sẹ̀ kan láì wọ bàálù, kò ní ibi tó sún mọ́ ọn tó Bẹ̀nẹ̀. Kò ní gba físà. Aago wọn àti tiwa dọ́gba. Láti Sẹ̀mẹ̀ dé àárín Kútọnu, ọ̀nà náà kò tó 40 kìlómítà. Ohun tó ń jẹ àlejò lówó níbẹ̀ ni àìmọ bí ọkọ̀ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́: ta ni à ń sanwó fún, ìgbà wo là ń san án, ibo ni wọ́n ń já èèyàn sí, ẹrù ńkọ́? Nítorí náà la ṣe yẹ àwọn ohun ìrìnnà tí mẹ̀kúnnù ibẹ̀ ń wọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu bodè títí dé orí adágún Nokoué.

Ìdájọ́ wa rèé kí a tó lọ jìnnà: ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò wọ́n, àmọ́ ó máa ń fìyà jẹ ẹni tí kò ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ àti ẹni tó sùn di aago mẹ́sàn-án. Gbogbo owó tí èèyàn máa ń pàdánù níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé inú méjèèjì yìí ló ti ń jáde.

Bodè: máàkì 3 nínú 10

Apá tó burú jù nínú ìrìn àjò náà nìyí, a ò sì ní fi bò. Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fàyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láti wọ ilẹ̀ ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Nínú ìwé òfin, ọ̀fẹ́ ni òǹtẹ̀. Lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ “ṣe dáadáa”, bí pásípọ́ọ̀tù yín bá sì jẹ́ tuntun tí kò tíì gba òǹtẹ̀ kankan rí, iye tí wọ́n máa bèèrè á ròkè sí i, torí wọ́n mọ̀ pé ojú yín kò tíì là. Ẹni tó ń kánjú ni wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ jù. Ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ fi ìwé lélẹ̀, ẹ bèèrè rìsíìtì fún ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ẹ san, kí ẹ sì dúró. Ìdúró yẹn gan-an ló máa ń sú wọn.

Yẹ́lò káàdì ni wọ́n fi ń mú èèyàn jù. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára kí ẹ tó rékọjá, káàdì tí wọ́n kọ lánàá kò tíì wúlò. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà pé abẹ́rẹ́ kan tó èèyàn fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, nítorí náà káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí ṣì dára. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ti kú, ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Ẹni tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù ìlú òyìnbó ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gba físà orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ tààrà sí Kútọnu ló rọrùn jù fún ẹni tí kò lọ rí, torí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ a máa bá èrò kọjá níbi tábìlì. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo ọkọ̀ máa dúró de èrò kan ṣoṣo tí ìwé rẹ̀ kò pé, owó rẹ̀ sì ga ju kí ẹ gé ọ̀nà náà sí méjì. Èyí tí a fọwọ́ sí ni kí ẹ wọ ọkọ̀ ní Mile 2 dé Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn kọjá, kí ẹ sì wọ takisí míì ní Kraké tó wà lódìkejì. Ẹ ó fojú ara yín rí i pé òǹtẹ̀ méjì wọ inú ìwé: ti ìjáde Nàìjíríà àti ti ìwọlé Bẹ̀nẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó ń pariwo pé àwọn lè gbé yín gba ẹ̀yìn kọjá láìfi ìwé han ẹnì kankan, ẹ má dá wọn lóhùn. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà, tàbí tí ẹ bá fẹ́ gba Hilla-Condji kọjá sí Tógò, òǹtẹ̀ tí kò sí yẹn máa gba owó tó ju èyí tí ẹ fi pamọ́ lọ.

Láàárín Àgbádárìgì àti Sẹ̀mẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró pọ̀ débi pé ẹ gbọ́dọ̀ fi wákàtí méjì kún iye tí máàpù orí fóònù bá sọ. Ẹni tó ń ti Abẹ́òkúta, Ọ̀tà tàbí Ìlaròó bọ̀, Ìdí-Ìrókò ló yẹ ẹ́. Ìgòlò ló wà lódìkejì rẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì já sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tààrà. Kí lẹ fẹ́ wọ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó fún?

Owó lọ́wọ́

Sẹ́fà ni wọ́n ń ná, orílẹ̀-èdè 8 ló sì jọ ń ná an, Tógò wà lára wọn. Wọ́n so ó mọ́ yúrò ní 655.957 sẹ́fà sí yúrò kan, nítorí náà kì í sáré lọ sókè sódò bíi náírà. Náírà ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ wo iye tó ń lọ lọ́jọ́ náà, ẹ bi èèyàn méjì ó kéré tán lẹ́nu bodè, kí ẹ tó ṣẹ́ owó. Bí ẹ bá ti ka owó tán, kó má padà sọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ́ ẹ mọ́. Ìgbà tó bá ní òun fẹ́ “tún un kà” ni ìwé owó kan máa ń yọ́ lọ. Káàdì báńkì oní-náírà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Irú ìwé owó tí wọ́n kó fún yín ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ fi ṣẹ́ ẹ lọ. Bí wọ́n bá na ìwé 10,000 sí yín, ẹ dá a padà, ẹ ní 500, 1,000 àti 2,000 lẹ fẹ́. Ọlọ́kadà tí ẹ fẹ́ fún ní 300 kò ní ṣéńjì 10,000. Á gbé yín kiri ìsọ̀ mẹ́ta láti wá a, á sì gba owó ìgbékiri náà, tàbí kó ní kí ẹ jẹ́ kí òun mú 1,000. Ibi tí a ti ń fọ́ ìwé owó ńlá ni ilé epo, ilé oògùn àti ilé ìtajà tó ní ẹ̀rọ ìgbowó. Ẹ máa fọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì kó owó ẹyọ 100, 200 àti 500 sí àpò ọ̀tọ̀ tí ọwọ́ yín lè dé lórí alùpùpù.

Sẹ́mì: máàkì 8 nínú 10

Zémidjan ni wọ́n ń pè é lédè Fọ̀n, ohun tó sì ń sọ ni “gbé mi kíákíá”. Lẹ́nu àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, sẹ́mì ti tó. Ọ̀kadà ni, ṣùgbọ́n ó létò ju èyí tí a mọ̀ lọ: ẹni tó ń wà á máa ń wọ ẹ̀wù tó ní nọ́ńbà lára, àwọ̀ ẹ̀wù náà sì ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n mọ ti Kútọnu sí. Ẹ ka nọ́ńbà náà kí ẹ tó gùn ún. Bí fóònù bá bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà yẹn nìkan lẹ fi lè wá a.

Ìrìn kúkúrú láàárín Kútọnu máa ń wà láàárín nǹkan bíi 200 sí 500 sẹ́fà. Èyí tó bá gba orí afárá kọjá lọ sí òdìkejì ìlú lè dé 1,000. Ohun tó ń mú un gòkè kò jìnnà sí wa rárá. Ọ̀pọ̀ sẹ́mì ló ń mu kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò ńláńlá lẹ́bàá títì. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kpayo wọ́n, owó sẹ́mì sì tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá iye tí a kọ síbí ṣì dúró, ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ta lítà kpayo kan. Bó bá ti kúrò ní bó ṣe wà, owó sẹ́mì náà ti kúrò. Alùpùpù oníná ti wà lójú títì báyìí pẹ̀lú, wọ́n kàn ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ ní ìsọ̀ ni. Kì í pariwo, èéfín rẹ̀ kì í sì í ta síni nímú. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ pè é.

Bí a ṣe ń ná an: ẹ dárúkọ ibi tí ẹ ń lọ àti iye tí ẹ máa san pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Étoile Rouge, trois cents.” Ẹni tó bá bèèrè pé èló ni ti jẹ́ kó mọ̀ pé àlejò lòun. Bó bá mirí, ẹ máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Bí 300 bá tó, kò ní jẹ́ kí ẹ rìn jìnnà. Àdírẹ́sì ilé kò wúlò. Oríta, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé oògùn àti pápá ìṣeré ni wọ́n mọ̀: Étoile Rouge, Saint-Michel, Stade de l'Amitié. Ère Amazone tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022 ga tó 30 mítà, kò sí ọlọ́kadà tí kò mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe àmì bí ẹ bá sọnù ní etí òkun.

Gozem, áàpù tó bẹ̀rẹ̀ ní Tógò ní ọdún 2018, ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Iye á hàn kí ẹ tó pè é, kò sí pé à ń ná an. Ó dára fún alẹ́ àti fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé rárá. Lọ́sàn-án, sẹ́mì tó wà lójú ẹsẹ̀ máa ń yá ju kí ẹ dúró de èyí tí ẹ pè lọ.

Ọ̀rọ̀ báàgì ló ń ba sẹ́mì jẹ́. Ẹ má gùn ún pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, torí bí alùpùpù bá já gba iwájú lójijì, ìwọ̀n ẹrù náà á fà yín sẹ́yìn, kò sì sí ohun tí ẹ máa dì mú. Ẹ gbé báàgì fún un kó fi síwájú, láàárín apá rẹ̀ méjèèjì, lórí táǹkì epo. Báàgì 35 tàbí 40 lítà máa jókòó síbẹ̀ dáadáa. Ti 60 lítà kò ní jẹ́ kó rí ọwọ́ yí, á ní kí ẹ pe sẹ́mì kejì fún ẹrù, owó á sì di méjì. Ẹ gba apá òsì gùn ún, ẹ gba apá òsì sọ̀: sàléńsà wà lápá ọ̀tún, ojúgun tó bá kàn án á wúlé lójú ẹsẹ̀, egbò rẹ̀ kì í sì í tètè jinná nínú ooru àti ọ̀rinrin etíkun. Ọlọ́kadà máa ń dé akoto tirẹ̀, ti èrò kì í sábà sí. Ẹni tó bá mọ̀ pé sẹ́mì lòun máa wọ̀ jù, kó gbé akoto tirẹ̀ dání, kó so ó mọ́ ara báàgì.

Bí òjò ńlá bá dé, wọ́n á pòórá. Kútọnu tẹ́jú, ó sì sún mọ́ omi, àgbàrá kì í tètè lọ; ẹ jókòó síbi tí ẹ wà fún wákàtí kan dípò kí ẹ san ìlọ́po mẹ́ta.

Takisí àpapọ̀: máàkì 6

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún èrò mẹ́rin ni, mẹ́fà ni wọ́n ń kó: méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Kì í ṣí títí á fi kún. Ẹni tó jókòó láàárín níwájú, orúnkún rẹ̀ ni gíà á máa gbá títí wọ́n á fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kéré lówó jù ú lọ fún ọ̀nà tí kò ju 150 kìlómítà lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi tó yẹ kí àlejò dé ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ló wà nínú ìwọ̀n yẹn. Àjàṣẹ́ àti Wídà (Ouidah) wà ní nǹkan bí 30 sí 40 kìlómítà sí Kútọnu, owó ọkọ̀ wọn kì í sábà ju nǹkan bíi 1,000 sẹ́fà lọ. Bohicon tó nǹkan bí 130 kìlómítà, ẹ múra 3,000 sí 4,000 sílẹ̀.

Aago 6 sí 8 àárọ̀ ni ọkọ̀ ń tètè kún. Bó bá ti di aago 2 ọ̀sán, ẹ lè jókòó wákàtí méjì kí èrò kẹfà tó dé, dírẹ́bà á sì máa tan ẹ́ńjìnì kó máa pa á, bíi pé ó ti fẹ́ lọ. Ẹ má wo ẹ́ńjìnì, orí ni kí ẹ kà. Bí ó bá ku ẹnì kan, tí ẹ sì ti pẹ́ níbẹ̀, ẹ ra àyè yẹn kún tiyín. Àyè méjì níwájú fún ẹnì kan ṣì dín sí owó takisí tí ẹ bá dá gbà, ẹ ó sì lè gbé báàgì sórí ẹsẹ̀ láìsan owó ẹrù. Owó ẹrù yìí, ẹ yanjú rẹ̀ kí báàgì tó wọ búùtù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi iṣu àti àgò epo pupa lé e lórí, ẹnu yín kò tólẹ̀ mọ́.

Ìjókòó tó dára jù láàárọ̀ tí ẹ bá ń lọ sí Bohicon ni ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ́yìn. Àríwá lọkọ̀ ń lọ, oòrùn àárọ̀ wà lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá ń padà bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ òsì náà ni, torí gúúsù lẹ wá ń kọjú sí, oòrùn sì ti yí sí ìwọ̀ oòrùn. Ìtura tí ọ̀nà wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ tí kò ní ẹ́sì lè fúnni kò jù báyìí lọ.

Ẹ má sanwó fún agbèrò tó pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì tó ń gba báàgì mọ́ yín lọ́wọ́. Níbi tí akọ̀wé gáréèjì bá wà lórí tábìlì, òun lẹ máa san án fún, ẹ sì tọ́jú bébà rẹ̀. Níbi tí kò bá sí, ẹ dúró kí ọkọ̀ kún, kó ṣí, kí ẹ tó san án fún dírẹ́bà fúnra rẹ̀. Gáréèjì Kútọnu kò sí lójú kan, wọ́n sì máa ń ṣí wọn nípò. Nítorí náà ẹ má sọ fún sẹ́mì pé “gáréèjì” lásán. Orúkọ ìlú tí ẹ ń lọ ni kí ẹ fi kún un, “gare de Bohicon”, “gare de Ouidah”, á mọ ibi tó wà lọ́sẹ̀ náà.

Àṣìṣe méjì kan wà tó ń jẹ owó àlejò lọ́nà yìí. Àkọ́kọ́ ni Abomey àti Abomey-Calavi. Calavi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu, ibẹ̀ la ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Abomey, ìlú àwọn ọba Dàhòmì, tó nǹkan bí 140 kìlómítà sí Kútọnu. Bí ẹ bá pè é ní Abomey ṣáá, ẹ lè bá ara yín nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tiyín. Ẹ sọ “Calavi” fún tibí, “Bohicon” fún tọ̀hún. Èkejì ni pé ọ̀pọ̀ takisí kì í wọ Abomey. Oríta Bohicon ni wọ́n ń já èèyàn sí, sẹ́mì ló máa gbé yín lọ fún kìlómítà 9 tó kù. Ẹni tí kò fi owó yẹn sínú ìṣirò á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Wídà: etí títì ńlá lọkọ̀ máa ń dúró sí, sẹ́mì ló ń wọ inú ìlú.

Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn Bohicon ló ti ń wúlò, fún Ìdáàṣà, Sábẹ àti Parakou. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ dé ibẹ̀ ní ìdajì wákàtí ṣáájú, ẹ gbé ẹ̀wù tó nípọn dání torí ẹ́sì wọn máa ń mú bíi yìnyín. Ọgbà ẹranko Pendjari àti W tó wà lókè pátápátá lẹ́bàá Burkina Faso àti Nìjẹ̀r, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò yín. Àwọn agbébọn ti ń ṣọṣẹ́ ní agbègbè yẹn láti ọdún mélòó kan, kò sí owó tí ẹ lè fi pamọ́ níbẹ̀ tó yẹ ewu náà.

Ganvié: ọkọ̀ dára, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á ló burú

Ìlú orí omi ni Ganvié, lórí adágún Nokoué. Ìtàn àwọn Tofinu tó ń gbé ibẹ̀ sọ pé àwọn baba ńlá wọn sá wọ orí omi nítorí àwọn tó ń kó ẹrú fún Dàhòmì. Orí òpó ni ilé wà, ọjà wọn wà nínú ọkọ̀, àwọn obìnrin ló sì ń wà á. Ní èbúté Calavi, káńtà kan wà tí wọ́n kọ iye sí, iye náà sì ń yí pa dà gẹ́gẹ́ bí ẹ bá ṣe pọ̀ tó àti bí ọkọ̀ bá jẹ́ onímọ́tò tàbí èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì. Ẹni tó dá lọ ló ń san iye tó pọ̀ jù lórí ẹnì kan. Ẹ dé ibẹ̀ bí aago 8, ẹ dúró sẹ́bàá káńtà, ẹ bi ẹni tó bá dé bóyá ẹ lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà. Èèyàn mẹ́rin máa gé owó náà kúrú gan-an. Ẹni tó bá pàdé yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó dé káńtà, tó ní òun ni afinimọ̀nà ìjọba, ẹ kí i, kí ẹ kọjá.

Ẹ bèèrè kí ọkọ̀ tó ṣí: ṣé ìpadàbọ̀ wà nínú rẹ̀? Ṣé owó afinimọ̀nà wà nínú rẹ̀? Wákàtí mélòó? Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá wà lórí rìsíìtì, wọ́n á jáde lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ẹ bá ti wà láàárín omi. Ọkọ̀ á tún yà níbi ìsọ̀ ọnà, kò pọn dandan kí ẹ ra nǹkan. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìtọrọ. Wọn kò fẹ́ ẹ, wọ́n sì lè fi àjẹ̀ ta omi sí yín lára. Omi ló ń ta sí ẹni tó bá jókòó síwájú ọkọ̀ onímọ́tò, nítorí náà ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá.

Bí a ṣe máa to ọ̀nà náà

Ẹ má kọ́kọ́ sùn ní Kútọnu. Láti Kraké, ọ̀nà yà ní oríta Sèmè-Podji lọ sí Àjàṣẹ́, ibẹ̀ lẹ máa sùn lálẹ́ àkọ́kọ́. Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú náà ń sọ, Ànàgó ni wọ́n máa ń pè wá, ẹ ó sì lè bèèrè gbogbo ohun tó bá rú yín lójú kí Faransé tó dé. Ẹ wo mọ́ṣáláṣí ńlá wọn tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé fi ọwọ́ kọ́: bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà ló rí, ẹni tó mọ Pópó Àgùdà ní Èkó á mọ ọwọ́ náà. Centre Songhaï, oko àti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, ní yàrá fún àlejò àti ilé oúnjẹ. Ó mọ́, kò sì sí ariwo. Ẹ mú yàrá oní-fáànù, ẹ́sì ló ń sọ owó yàrá di ìlọ́po méjì níbi gbogbo ní Bẹ̀nẹ̀. Ìwọ̀n yàrá oní-fáànù tó mọ́ jẹ́ nǹkan bíi 8,000 sí 15,000 sẹ́fà.

Láti Àjàṣẹ́, ẹ lọ sí Bohicon àti Abomey láàárọ̀ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Ààfin wọn ti wà nínú ìwé UNESCO láti ọdún 1985. Wídà ló kàn, níbi tí ọ̀nà ẹrú ti gùn tó nǹkan bí 4 kìlómítà dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ ní etí òkun. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín lọ láàárọ̀, ẹ fi sẹ́mì padà, torí ibòji kò pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ní ìparí ni Kútọnu àti Ganvié, kí ẹ lè wà nítòsí bodè lọ́jọ́ tí ẹ ń padà. Bí ọjọ́ 10 oṣù Kìíní bá bọ́ sínú ètò yín, ọdún Vodun ni. Yàrá Wídà á ti tán láti ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú, owó ọkọ̀ á sì fò. Oṣù Kejìlá sí Kẹta ni ọ̀gbẹlẹ̀ tó gùn, oṣù Kẹjọ náà máa ń rọ̀ díẹ̀. Oṣù Kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù ní etíkun.

Oúnjẹ gáréèjì kò ní ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ẹ̀kọ ni akassa, ẹ̀wà àti ìrẹsì tí wọ́n jọ sè ni atassi, wàrà Fúlàní ni wagasi, kúlíkúlí ni klui-klui. Láti Bohicon lọ sókè, iyán gbígbóná wà lẹ́bàá títì. Ẹ jẹ ohun tó bá ṣì ń hó lórí iná, kí ẹ sì fi sàláàdì sílẹ̀.

Ní ti báàgì, kìlógíráàmù 8 ló yẹ kó jẹ́ òpin. Ìbòrí òjò tí wọ́n máa ń tà mọ́ báàgì kò bo ẹ̀gbẹ́ tó kan ẹ̀yìn yín, ibẹ̀ lomi ń gbà wọlé lórí sẹ́mì. Ẹ fi ọ̀rá dúdú tó nípọn tẹ́ inú báàgì, kí ẹ tó kó aṣọ sí i. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kékeré tó ní okùn kan ṣoṣo lókè wúlò ju ti onígun mẹ́rin lọ, torí ìṣó kan péré ló máa ń wà lára ògiri. Fóònù: ihò iná wọn jẹ́ oníhò roboto méjì ti Yúróòpù, ṣájà onígun mẹ́ta wa kò ní wọ̀ ọ́, ẹ ra àyípadà rẹ̀ ní Èkó. MTN, Moov àti Celtiis ló ń ta síìmù, wọn á bèèrè ìwé ìdánimọ̀. Láti òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2024, wọ́n ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀, ó ti di díjíìtì 10. Nọ́ńbà ilé ìtura tí ẹ bá rí nínú ìwé àtijọ́ tó jẹ́ díjíìtì 8 kò ní wọlé àyàfi tí ẹ bá fi 01 kún un.

Lọ́jọ́ ìpadàbọ̀, ẹ kúrò ní Kútọnu kó tó di aago 8, kí ìrọ̀lẹ́ má bá yín lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Kraké kì í fẹ́ gba owó ẹyọ, ìwé owó nìkan ni wọ́n fẹ́. Ẹ ka ẹyọ tó wà nínú àpò, ẹ yọ owó sẹ́mì tó gbẹ̀yìn sọ́tọ̀, kí ẹ fi èyí tó kù ra búrẹ́dì Faransé gígùn kí ẹ tó kan òǹtẹ̀ ìjáde.